Ògiri Tó Hu Ìpẹ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló dàgbà jù nínú agboolé wa ní Ìrókò. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: ìpẹ́. Ti ẹja ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Màmá, ohunkóhun tó bá ti ń bó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ti ní ìpẹ́ nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá dé tí mi ò fi ìpara pa ẹsẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ìpẹ́ ti bo ojúgun rẹ. Ṣé kí n gbé epo kaná?"

Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. "Màmá, ẹja ló ní ìpẹ́. Ara èèyàn ń bó ni."

"O ṣeun, tíṣà."

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, Bàbá ra ọ̀dà funfun, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa kun iwájú ilé. Màmá ní kí wọ́n kọ́kọ́ ha ògiri, eruku ti pọ̀ lára rẹ̀ jù. Bàbá ní kò sáyè ìyẹn. Wọ́n kùn ún, ilé ń dán. Òjò wá rọ̀ sí i mọ́jú.

Lọ́jọ́ Iléyá, Alfa àdúgbò wá kí wa nínú jalamíà dúdú. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ṣe àdúà gígùn fún wa. Ìgbà tí wọ́n dìde, ọ̀dà ti bó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó lẹ̀ mọ́ wọn láti èjìká dé ìdí. Màmá ló kọ́kọ́ rí i.

"Alfa, ẹ dúró ná. Ẹ ti hu ìpẹ́!"

Alfa bojú wẹ̀yìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín mi o, Màmá. Ẹran àgbò la fẹ́ jẹ lónìí."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gbọn aṣọ Alfa, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé ó kàn bó díẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bàbá mú ọ̀bẹ tí ò mú mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri. Màmá gbé àga jókòó tì wá bíi fórúmáànù. "Ìpẹ́ ṣì kù lápá ibẹ̀ yẹn." Bàbá ń ha á lọ. Àfi bí Màmá ṣe dìde lójijì.

"Dúró! Má ha ibẹ̀ mọ́."

Amọ̀ pupa ti yọ lábẹ́ ọ̀dà, ipa ìka ọwọ́ èèyàn sì wà lára rẹ̀ kedere.

"Ìyá wa ló rẹ́ ibí," Màmá wí. "Èmi ni mò ń pọn omi amọ̀ fún wọn. Ẹ̀yìn wọn nìwọ wà."

Bàbá ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ipa náà. Ọwọ́ tiwọn tóbi jù ú lọ. Wọ́n fi iwájú orí ti ògiri.

"Bó o bá fẹ́ sunkún," Màmá ní, "sún sẹ́yìn. Ògiri yẹn ò fẹ́ omi."

A tún ilé náà kùn, a yọ ojú ibẹ̀ sílẹ̀. Bí àlejò bá béèrè ìdí tí ọ̀dà ò fi dé ibẹ̀, Bàbá á ní, "Ìyá mi ti ṣe tibẹ̀ tán."