Ìyá ọkọ mi àti abẹ́rẹ́ èéyi

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé, n kò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún tí abẹ́rẹ́ èéyi bá dé Gbégamey, àdúgbò wa, ìyá ọkọ mi máa ń na apá tirẹ̀ síwájú nọ́ọ̀sì, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ.

“Kámárádì, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gún!” Kámárádì ni gbogbo wa ń pe ara wa nígbà náà.

“Ìyá, ti ọmọdé ni!”

“Ṣé mo wá dàgbà jù ni?”

Lọ́dún kan, wọ́n gún ọmọ mi tán, ara rẹ̀ gbóná, àyà mi já. Ìyá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára.

“Ìyàwó mi, ara tó ń kọ́ ìjà nìyẹn.”

Kí oòrùn tó wọ̀, ara ọmọ ti tutù, ó ń mu ọyàn. Ọkàn mi balẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rọra mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mo ti fi pamọ́ sínú yàrá nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, lọ gba tirẹ̀.