Ọmọ Tí Kò Yí

Bùsọ́lá kì í ṣe aláriwo. Ẹ bi àwọn ọmọ tó máa ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé lọ sílé-ìwé láràárọ̀, láti Eastbrook wọ Barking ní London, àwọn ọmọ tí ẹlòmíì nínú wọn wà lórí kẹ̀kẹ́, tí ẹlòmíì kò lè dá sọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n á sọ fún yín pé Auntie Busola kì í bínú. Bí awakọ̀ kan bá já wọ iwájú rẹ̀, á kàn mí kanlẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Làtífátù, tó máa ń jókòó ti àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọkọ̀, ló máa ń bá a bú awakọ̀ ọ̀hún. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ìjọ bá ń rojọ́ kiri pé obìnrin yìí burú, pé ó dójú ti àgbà, ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí i. London ló ti pàdé Oyèbánjí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n sì ń gbé nínú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Parsloes Park. Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lára lẹ́yìn tó ti yọ síta, tí gbogbo èèyàn ti ń kí i. Ìgbà yẹn ni àwọn dókítà ya àwòrán inú rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n rí i pé ilé ọmọ rẹ̀ kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin. Òkè rẹ̀ tẹ̀ wọnú, ó wá ya sọ́tùn-ún, ó ya sósì, bí ọkàn tí wọ́n máa ń yà sára káàdì olólùfẹ́. Bó ṣe rí láti inú ìyá rẹ̀ nìyẹn. Kò jẹ ohun kan tó fà á, kò mu ohun kan tó fà á, ẹnikẹ́ni ò sì ṣe é. Dókítà náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ní àwọn obìnrin tó rí bẹ́ẹ̀ ń bímọ, pé wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì bí oyún míì bá dé.

Oyún míì dé. Ọmọ náà fìdí mọ́ apá ọ̀tún, ibẹ̀ ló sì ti dàgbà. Orí rẹ̀ wà lókè lábẹ́ ìhà ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sì sí àyè tó lè fi yí po nínú ibi tóóró yẹn. Dókítà ní kò jọ pé ó máa yí mọ́, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi gbé e jáde. Ó wá kìlọ̀ ohun méjì fún un. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ti ikùn náà pé òun fẹ́ yí ọmọ, torí ilé ọmọ tó rí báyìí kò gba irú ìyẹn. Ìkejì, bí omi bá já, kí ó má dúró de ẹnikẹ́ni, torí ìwọ́ ọmọ lè ṣáájú ẹsẹ̀ jáde, ọmọ náà á sì kú sọ́nà. Bùsọ́lá gbọ́ ọ yé. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nìkan, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kó jáde ní ilé.

Bánjí kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í gba nǹkan dúró. Ó lọ sọ ọ́ fún Ìyá Abíyè.

Ìyá Abíyè ni àgbà obìnrin tó ń bójú tó àwọn aboyún nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ, tó wà lẹ́yìn ọjà East Street. Ní gbogbo Wednesday, àwọn aboyún á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á mu omi àdúrà. Bùsọ́lá fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí oyún àkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ nìkan ló ti lè sunkún tí ẹnikẹ́ni ò ní kó dákẹ́. Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n ṣe fún un fi dùn ún wọ eegun.

Wednesday kan báyìí, wọ́n ń kọrin lọ́wọ́, ni Ìyá Abíyè bá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní arábìnrin kan wà láàárín wọn tí ọ̀tá ti la ilé ọmọ rẹ̀ sí méjì, tí wọ́n sì de ọmọ náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí. Kò dárúkọ. Ó kàn ń wo Bùsọ́lá. Gbogbo wọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, láti orí dé ikùn. Ojú tì í, lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, torí ó mọ ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà lè ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, torí ó rò pé àdúrà lásán ni. Àfi bí Ìyá Abíyè ṣe da òróró sọ́wọ́ méjèèjì, tó kúnlẹ̀ tì í, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ikùn náà láti ìhà wá sísàlẹ̀. Bùsọ́lá di ọwọ́ ìyá náà mú.

Ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ́wọ́ yín. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má tì í.”

Ìyá Abíyè ní, “Ṣé dókítà ló fún ẹ lóyún ni?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Àwọn aboyún bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń mu omi nínú ife kan náà, rẹ́rìn-ín. Bùsọ́lá kò jù ú lọ́wọ́ sílẹ̀ títí ìyá náà fi gbé ọwọ́ kúrò. Ó dìde, ó lọ wá bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde sáàárín àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti aṣọ. Ó ń gbọ́ orin tí wọ́n gbé tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bánjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní Ìyá Abíyè ti pè é, pé bí ó ṣe jáde tán ni ẹ̀mí gbé ẹnìkan, wọ́n sì ríran pé ọmọ náà ti yí, orí rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀. Ó ní gbogbo wọn ti dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ yẹn síwájú díẹ̀.

Bùsọ́lá bi í pé, “Scan tí wọ́n ṣe lánàá ńkọ́, tí orí rẹ̀ ṣì wà lókè?”

Ó ní, “Àná ni scan yẹn. Òní ni wọ́n ríran.”

Obìnrin náà wò ó títí. Bánjí wá ń ṣàlàyé pé ẹ̀rù ló ba òun, pé oyún àkọ́kọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn òun, pé òun kàn ń wá ẹni tó máa bá òun gbàdúrà ni. Bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ ikùn tó gbé lọ sọ́jà yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Bùsọ́lá sọ fún un pé òun kò sún nǹkan kan síwájú, ó wọ yàrá lọ, ó sì tilẹ̀kùn.

Omi já ní ọ̀sán Saturday kan, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ó ń dín dòdò lọ́wọ́. Ó pa iná, ó ké sí Bánjí, ó ní kó pe ambulance. Bánjí gbé fóònù pẹ̀lú jìnnìjìnnì. Bùsọ́lá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ nínú kíṣìnì, ó fi tìmùtìmù àga gbé ìdí rẹ̀ sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ló bá gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ pé, “Ẹ kú ọ̀sán mà. Omi ti já o, mà.”

Ìyá Abíyè ni Bánjí pè. Ohùn ìyá náà ń jáde láti inú fóònù pé kí wọ́n má lọ ibì kankan, pé òun ń mú òróró bọ̀, pé ọmọ ti yí, pé bí obìnrin Hébérù ni yóò ṣe bí i.

Bùsọ́lá na ọwọ́ sókè. Kò pariwo. Ó ní, “Gbé fóònù yẹn wá.” Bí Bánjí ṣe gbé e fún un, ó pa ohùn ìyá náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì fúnra rẹ̀ pe ambulance láti orí ilẹ̀ tó wà. Ọkọ̀ náà dé, ó sì gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kíákíá. Wọ́n ta aṣọ kan sí àyà rẹ̀ kó má baà rí ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ní bí bàbá ọmọ bá fẹ́ wò, kó dìde. Bánjí dìde. Ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ìdí, ẹ̀yìn, apá, kí orí tó wá gbẹ̀yìn. Bánjí rọra jókòó padà. Ọmọkùnrin náà figbe ta. Bùsọ́lá sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín, inú tó ń bí i sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará ìjọ kún pálọ̀ wọn nínú aṣọ funfun. Làtífátù náà wá, ó fi hijab rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bánjí ti sọ fún Ìyá Abíyè pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, pé ọkùnrin ni, pé àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Abíyè bá dìde, ó jẹ́rìí. Ó ní ojú gbogbo wọn ni Ọlọ́run ti yí ọmọ yìí po, pé àìnísùúrù lásán ló fa ọ̀bẹ, pé ká ní ìyá rẹ̀ dúró díẹ̀ sí i ni. Àwọn èèyàn ní àmín. Bùsọ́lá, tó fọwọ́ mú ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lórí àga, wo ọkọ rẹ̀. Bánjí ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní àmín.

Àmín yẹn ló parí gbogbo rẹ̀. Ká ní Bánjí dákẹ́ ni, bóyá Bùsọ́lá ìbá dákẹ́ pẹ̀lú.

Ìyá Abíyè gbé oyin. Ó ní nínú ìran, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni orúkọ ọmọ náà, ó wá ní kí àwọn òbí pe orúkọ náà kí òun gbà á lẹ́nu wọn. Bánjí la ẹnu, àmọ́ Bùsọ́lá ti ṣáájú rẹ̀.

Ó ní, “Ìgè.”

Kò sí Yorùbá kan níbẹ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé ló ń jẹ́ Ìgè. A kì í sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ọ̀run ló ti ń mú un bọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, Làtífátù dáhùn wẹ́rẹ́ pé, “Ìgè Àdùbí.”

Ìyá Abíyè béèrè pé ta ló fún un lórúkọ yẹn.

Bùsọ́lá ní, “Kì í ṣe ẹnikẹ́ni, mà. Bó ṣe wá nìyẹn. Ẹ bi bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bánjí. Àánú rẹ̀ kò ṣe ìyàwó rẹ̀ rárá. Ó jẹ́ kó dúró níbẹ̀ kí òógùn bò ó, bí òun náà ṣe dùbúlẹ̀ lórí ẹní níwájú gbogbo wọn.

Nígbà tó yá, Bánjí ní, “Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, mà. Mo rí i. Kò yí.”

Ife oyin ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Abíyè. Ẹni tó bá mú oyin dání ló gbọ́dọ̀ pe orúkọ, kí àwọn yòókù tó gbè é. Ó ti oyin bọ ọmọ lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pe Ìgè wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí.

Bùsọ́lá ní, “Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ yín, mà. Ẹ pè é sókè.”