Bàtà Tí Màmá Àgbà Gbé Jó

Ọjọ́ Àìkú tí Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ní Agbowó kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́ tí Bàbá mi ti fi ìjọ aláṣọ funfun wọn sílẹ̀. Bàtà tuntun ni wọ́n rà wá fún Màmá láti Dùgbẹ̀.

"Délé, ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ ilé Ọlọ́run wa. Àbí o ti gbàgbé?"

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé bàtà náà lé orí, wọ́n sì jó wọlé. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ bàtà tiwọn, wọ́n jó tẹ̀ lé ìyá wọn. Gbogbo ìjọ hó ìhó ayọ̀.

Màmá ti sinmi báyìí. Bàtà náà ṣì wà lọ́dọ̀ Bàbá, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí.