Iṣu Tí Ọ̀rẹ́ Mi Gbé Jó Dé Iwájú Pẹpẹ

Èmi ni mo gbin iṣu kan ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí ìtàkùn rẹ̀ fà lọ títí dé ibùdókọ̀ ojú irin Dagenham East, tó wé mọ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ́sẹ̀, tí ọkọ̀ ò lè lọ mọ́. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ iṣu yín." Mo fọwọ́ pa ìtàkùn náà lórí, ó sì tú ọkọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi ọkọ̀ náà.

Iṣu ọ̀hún wà lóòótọ́ ṣá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé ní Castle Green, níbi tí ariwo mọ́tò ojú títì A13 kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ àlá ara rẹ̀, mi ò sì ní ilẹ̀ tó gba ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Èkìtì, ló ní ọgbà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ nítòsí Parsloes Park. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ, a ti jọ ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ láti ìgbà tí irun wa ti dúdú. Mo ní kó yọ̀ǹda igun kan fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ìwọ ará Ìjẹ̀bú yìí! Iṣu? Nínú òtútù yìí? Iṣu á ní kó o fún òun ní kúbùsù."

Mo ní, "Mo ní kúbùsù."

Mo lu ihò sídìí bíìnì ìdàlẹ̀nù àtijọ́ kan, mo da ilẹ̀ dúdú kún un. Mo gé orí iṣu kan tí mo rà lọ́jà Barking, mo fi eérú pa ojú ibi tí mo gé bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, mo gbìn ín, mo ri ọ̀pá tì í, mo fi ọ̀rá kọ́lé lé e lórí. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ wò ó. Bí òtútù bá dé, màá fi kúbùsù wé bíìnì náà bí ọmọ tuntun. Ọ̀rẹ́ mi á dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, á ní, "Kọrin fún un, bóyá á sùn."

Kí ni mò ń wá gan-an? Ọ̀rọ̀ kan péré ni: àṣeyọrí. Nílé wa láyé àtijọ́, bí ìnáwó bá parí, tí ọbẹ̀ kárí àlejò, tí ẹnikẹ́ni ò jà, àwọn àgbà á ní, "A dúpẹ́, a ṣe é yọrí." Ẹni tó bá ro oko rẹ̀ dé ààlà, àṣeyọrí ni. Kò ju pé èèyàn dáwọ́ lé nǹkan, ó sì bá a dé òpin. A dé Lọ́ńdọ̀nù tán, ọ̀rọ̀ náà bá gbé kóòtù òyìnbó wọ̀. Ó di ilé téèyàn rà, ó di ọmọ tó di dókítà. Wọ́n á ní, "Lágbájá ti ṣe àṣeyọrí," ojú wọn á sì fò mí dá bí bọ́ọ̀sì tó kún ṣe ń fo ibùdókọ̀, èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi gbálẹ̀ ọ́fíìsì olówó. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ò bú mi rí o, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kó pe ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ mi rí. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ ní gbangba, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n tó kú.

Lọ́jọ́ Ìkórè, nínú ìjọ wa, ẹni tó bá mú èso iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá á gbé e jó lọ síwájú pẹpẹ, ará ilé rẹ̀ á tẹ̀ lé e, wòlíì á gbàdúrà fún un, ìjọ á sì bá a yọ̀ fún àṣeyọrí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù la máa ń gbé. Ọlọ́run ti gbójú kúrò níbẹ̀. Iṣu tó hù ní Dagenham? A ò rí irú ẹ̀ rí. Mo pe ọmọ mi, mi ò dárúkọ iṣu fún un, kó lè bá a lójijì; ó ní òun á wá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá fẹnu kò: òun á wa iṣu láàárọ̀, á fi mọ́tò wá gbé mi, a óò sì jọ di àwo mú jó.

Mo wọ sùtánà, mo jókòó lójú fèrèsé. Mo pè é. Ó ní, "Mo ti wà lọ́nà. Má tíì sọ̀ kalẹ̀ o, òtútù wà níta." Mo tún pè é, kò gbé e mọ́. Nígbà tó sú mi, mo wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán, nítorí a kì í wọ bàtà sí i. Àwọn èèyàn ń wò mí bí áńgẹ́lì tó ṣìnà.

Ìta ni mo ti ń gbọ́ orin. Mo wọlé, mo rí ọ̀rẹ́ mi níwájú, iṣu mi lórí rẹ̀, ìyàwó àtọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba makirofóònù.

"Ẹ bá mi yọ̀! Wọ́n ní iṣu ò lè hù nílùú yìí. Mo gbìn ín, mo fi kúbùsù wé e, Ọlọ́run fún mi ní àṣeyọrí!"

Kúbùsù tèmi!

Ọmọ mi wà láàárín èrò, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó rí mi, ó dì mọ́ mi. "Dádì, ẹ mà pẹ́ o! Ẹ wo ohun tí Ọ́nkù ṣe. Iṣu gidi, ní Dagenham!"

Mo ní, "Èmi ni mo gbìn ín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Dádì! Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ṣe gun ọ̀nì láti Ẹ̀pẹ́ dé Èkó náà, àbí?"

Lẹ́yìn ìsìn, mo ká ọ̀rẹ́ mi mọ́ ìdí àwo ìrẹsì.

"O fi mí sílẹ̀ lójú fèrèsé."

Kò gbójú sókè. "Ta ló ni ilẹ̀? Ta ló wà á? Ìwọ bẹ̀rẹ̀, èmi parí. Àṣeyọrí ni wọ́n ń jó fún, wọn kì í jó fún ìbẹ̀rẹ̀."

"Ṣé bá a ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Lọ sọ fún wọn, nígbà náà." Ó wá gbójú sókè, eyín rẹ̀ funfun. "Lọ sọ fún wọn, ká wo ẹni tó máa gbà ọ́ gbọ́."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òun ló máa ń jókòó tì mí, tí á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé, "Ọ̀rẹ́, tún sọ ti ọ̀nì yẹn." Mo rò pé ìtàn mi ń dùn mọ́ ọn ni.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo kọ èyí fún. Yà sí ọgbà Ọ́nkù rẹ, kó o wo bíìnì náà. Kúbùsù tó wà lára rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ìwọ lo rà á fún mi nígbà Kérésìmesì. Èmi ni mo gé orí iṣu, èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo sì jókòó lójú fèrèsé. Ọ̀nì ò gbé mi rí. Ọkọ̀ ojú irin kankan ò dúró, awakọ̀ kankan ò dọ̀bálẹ̀. Ìtàkùn náà ò kọjá orí ọ̀pá, iṣu náà ò sì ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti parọ́.