Ọjọ́ Tí Mo Sọ Pé Oko Lásán Ni

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò sí alákọ̀wé tó lè júwe aba wa tó mi. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Sẹ́kọnà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí títì ọlọ́dà, kí ẹ wọ abẹ́ kòkó títí ẹ ó fi dé odò. Ilé mẹ́rìnlá tó wà lókè odò, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Kò ní baálẹ̀, kò sì sí nínú ìwé ìjọba kankan. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ pa ahéré síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbin obì.

Ẹ gbọ́ àṣà wa. Èèyàn lè lo ogójì ọdún ní aba, kó bímọ mẹ́jọ síbẹ̀. Tí ẹ bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, Ẹdẹ ni yóò sọ. Èébú ni kí wọ́n pe èèyàn ní ará oko. Òkú wa pàápàá, Ẹdẹ là ń gbé e lọ, inú agboolé là ń sin ín sí.

Lásìkò àwọn ológun, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa fún àmùrè le, tí mílíìkì di ohun tí à ń tò fún, rédíò sọ pé ìjọba ń wá ilẹ̀ tó ṣófo fi dá oko ńlá. Inú wa dùn. A rò pé oúnjẹ ló fẹ́ pọ̀.

Kò pẹ́, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú fáìlì àti sójà méjì. Sójà kan ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé kan dé èkejì, ó ń kà á sókè. Àwọn àgbà tì mí síwájú, torí kò sẹ́ni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ bíi tèmi.

"Ta ló ni ìlú yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, èwo ni ìlú níbí? Oko lásán ni. Ọmọ Ẹdẹ ni gbogbo wa. Àbí ojú ará oko lẹ rí lára mi?"

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń gbébí nìyẹn?"

"Iṣẹ́ là ń wá ṣe."

"Ibojì àwọn baba yín ńkọ́?"

"Háà! A kì í sin èèyàn gidi sóko."

Ìyàwó kékeré bàbá mi, arúgbó tí gbogbo aba ń pè ní Ìyá, dìde lórí àpótí. "Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá. Èmi ń gbébí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó, ibí ni mo ń jí."

"Ìyá, ẹ má dójú tì wá," ni mo wí. Gbogbo aba bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ̀wé. Ó ní kí n tẹ̀ka. Ìka kẹ̀? Mo gba bírò, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà.

Lóṣù kejì, a jí bá èèkàn pupa nídìí obì. Ọ̀kan wà láàárín àdògán Ìyá gan-an. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin onífáìlì.

"Ìwọ lo sọ pé kò sí olùgbé," ni ọkùnrin náà wí. "Orúkọ rẹ nìyí. Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ kúrò."

Àwọn yòókù palẹ̀ mọ́. Ìyá kò di ẹrù kankan. Ìyá ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Tí mo bá kú kí Jímọ̀ tó dé, ibí ni kí ẹ sin mí sí. Kí wọ́n rí ibojì tí wọ́n ń wá."

Mo bẹ̀ wọ́n, mo fi bàbá mi bẹ̀ wọ́n. Omi nìkan ni wọ́n ń mu. Láti òdìkejì odò là ń gbọ́ katakata tó ń wó igi bọ̀, ó ń sún mọ́ wa lójoojúmọ́.

Jímọ̀ dé, Ìyá kò kú. Mo gbé wọn pọ̀n. Wọ́n ti fúyẹ́ bí igbá. A ò tíì rìn jìnnà tí ògiri kan fi wó lẹ́yìn wa.

"Ilé ta nìyẹn?" ni Ìyá bi mí.

Mo mọ ilé náà, tiwọn ni. Mo tún wọn gbé sókè lẹ́yìn mi, mo yára ẹsẹ̀.