Orúkọ Màmá Ọ̀ọ́kán

Àlùbọ́sà ń dín nínú ọ̀rá adìẹ, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kejìlá títí dé ẹnu ẹlifétọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo jókòó nídìí tábìlì kíṣìnì, mò ń wo ọwọ́ màmá náà bí wọ́n ṣe ń hun búrẹ́dì ọjọ́ ìsinmi wọn bí ẹni ń dirun fún ọmọ. Kí wọ́n tó hun ún, wọ́n ti já díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pípò náà, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, wọ́n sì sọ ọ́ sínú ààrò kó jóná. Àṣà wọn nìyẹn, wọn kì í jẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń nu ọwọ́ wọn ni mo ti la ẹnu mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí lorúkọ yín?"

Ẹ gbà mí! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń bi àgbà ní orúkọ. Ọjọ́ mìíràn ni, ìfọ́tí ni ìyá mi máa fi dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ìyá mi fúnra rẹ̀ ló rán mi.

Nínú ilé tiwa, Màmá Ọ̀ọ́kán là ń pè wọ́n, nítorí ilẹ̀kùn wọn ló kọjú sí tiwa, ní ilé gíga kan ní òpópónà Bathurst, lókè òpópónà Finch díẹ̀. Júù ni wọ́n, ilẹ̀ Poland ni wọ́n ti wá, ọkọ wọn ti kú, ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo sì ń gbé ní Vancouver. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ìyá mi ń ṣe, shift ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń fún un. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ Màmá Ọ̀ọ́kán ni mò ń wà títí bàbá mi yóò fi dé. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró sálúbàtà wọn lórí pákó ilẹ̀, rédíò wọn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láti òwúrọ̀, ife tíì onígíláàsì tí wọ́n máa ń mu pẹ̀lú kóró ṣúgà kan láàárín eyín, gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì là ń bá ara wa sọ, ṣùgbọ́n lónìí tí mo bá ń rántí wọn, Yorùbá ni wọ́n máa ń sọ létí mi.

Ìyá mi ti bímọ obìnrin ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ.

Mo jowú ọmọ náà. Kí ni mo fẹ́ máa purọ́ fún? Oyún mi ni àwọn òbí mi gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí wọ́n ń sá fún ìjọba sójà. Àárín yìnyín ni wọ́n bí mi sí, wọn ò mọ ẹnì kankan. Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú yàrá: bàbá mi, ìyá mi, àti èmi. Bàbá mi ra káàdì fóònù kí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn lè pe oríkì fún mi. Ìyá àgbà wúkọ́, wọ́n tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, wọ́n ní, "Ọmọ mi," káàdì tán. Kí wọ́n tó rí òmíràn rà, ẹni tó ni fóònù tí ìyá àgbà ń lò ní Ìbàdàn ti tilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ò dé ìdí fóònù mìíràn títí wọ́n fi kú. Bí mo ṣe di ọmọ Yorùbá tí kò ní oríkì nìyẹn. Nísinsìnyí bàbá mi ti ríṣẹ́, wọ́n ti di èèyàn ńlá ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní oríta Jane àti Finch, ọmọ tuntun yìí sì fẹ́ gba ilé tó kún, àgbò, ààfáà, àti orúkọ rẹpẹtẹ.

Èyí tó wá dá kún un ni ohun tí ìyá mi sọ fún mi ní àárọ̀ Jímọ̀ náà. "Ẹni tó bá bá ni tọ́mọ, kí la lè fi san án fún un? Orúkọ Màmá Ọ̀ọ́kán la máa fi sọ ọmọ yìí. Lọ bá mi bi wọ́n ní orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, kì í ṣe èyí tó máa ń wà lórí lẹ́tà ìjọba wọn. Má jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí o. A fẹ́ kó bá wọn lójijì ni."

Màmá Ọ̀ọ́kán mi! Èmi tí mo ń bá wọn jẹ búrẹ́dì láti ọdún mẹ́rin, ọmọ tí kò tíì mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ ló fẹ́ gba orúkọ wọn.

Màmá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè mi. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ orúkọ náà. Wọ́n ní àǹtí bàbá àwọn kan tó kú ló ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà fẹ́ gbé wọn lọ, bàbá wọn sì sáré lọ sí ilé àdúrà, wọ́n fi orúkọ mìíràn kún un: Alte, ìyẹn ni Àgbà. Kí ikú tó ń wá ọmọdé bàa lè wọlé, kó bá arúgbó níbẹ̀, kó sì padà.

"Ó padà lóòótọ́?"

"Ìwọ náà wò mí. Ó ti padà láti ìgbà yẹn."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tí mi ò tíì gbàgbé. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, a kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ. Àwọn Júù Morocco ń ṣe é, ọlá ló jẹ́ lójú tiwọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Júù ilẹ̀ Poland, èèwọ̀ ni. Òkú nìkan ni a ń fi orúkọ rẹ̀ sọmọ, kó má bàa parẹ́. Bí o bá fi orúkọ alààyè sọmọ, ò ń sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù láyé nìyẹn. Ikú sì lè gbọ́. Wọ́n ní àbúrò àwọn obìnrin wà tí wọ́n pa nígbà ogun, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Júù, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, nítorí ọkùnrin ni gbogbo ọmọ ọmọ wọn.

Mo ní, "Ẹ fún èmi."

"Ìwọ ti ní orúkọ tìrẹ." Wọ́n dìde lọ wo àlùbọ́sà wọn.

Mo padà sílé. Ìyá mi ní kí ni wọ́n wí. Mo sọ orúkọ náà. Mo sọ ti Alte pẹ̀lú, ìyá mi sì pàtẹ́wọ́: "Yéè! Àbíkú ni wọ́n! Àwọn náà ní Málọmọ́ tiwọn!" Ó ní, "Kò sí nǹkan mìíràn?"

Mo ní, "Kò sí."

Ẹ má ṣe bi mí bóyá mo ronú kan ikú. Mi ò ronú kàn án. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí Màmá bínú sí ọmọ náà, kí wọ́n kọ̀ ọ́, kó ku èmi nìkan lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ Àìkú pé. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Ọ̀ọ́kán wọ aṣọ búlúù wọn, wọ́n gbé ápù wá nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ife tíì tiwọn dání nítorí wọn kì í fi àwo ilé ẹlòmíràn jẹun. Ìyá mi fi wọ́n sórí àga tó dára jù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọjọ́ kẹjọ là ń ṣe é, inú wọn dùn. Wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ náà ni àwọn ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ. Ààfáà gbàdúrà, ó pe orúkọ mùsùlùmí ọmọ náà. Ó wá bojú wo bébà ọwọ́ rẹ̀, ó sì pe orúkọ Màmá Ọ̀ọ́kán sókè ketekete. Gbogbo ilé dáhùn. Ìyá mi yíjú sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọwọ́ wọn lọ sí ọrùn wọn. Wọ́n ní, "Rárá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú jáde, a sì gbọ́ ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn wọn bó ṣe há. Ife wọn ṣì wà lórí tábìlì wa.

Obìnrin kan nídìí àwo ìrẹsì ní, "Kí ló ṣe òyìnbó yìí? Àbí ó rò pé a fẹ́ gba ogún rẹ̀ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kanlẹ̀kùn títí, wọn ò dáhùn.

Inú mi dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo ń lọ sílé ìwé, tí mo rí i pé ìwé ìròyìn wọn ṣì wà nílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn. Kò sí rédíò, kò sí sálúbàtà. Òórùn kankan ò jáde. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn tó wọ̀ mí lára: ikú lè gbọ́. Ààfáà ti pe orúkọ náà sókè, gbogbo ilé ti dáhùn, èmi ni mo sì gbé e fún wọn. Mo ti pa wọ́n. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn, mò ń ké pé, "Mà, èmi ni! Èmi ni mo mọ̀, mi ò sọ fún wọn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú!"

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ sálúbàtà.

Ojú wọn ti wú. Wọ́n ní kí n jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti káàdì fóònù, ti oríkì, ti àgbò, ti pé mi ò fẹ́ kí ọmọ náà pín wọn pẹ̀lú mi. Mo rò pé wọ́n máa lé mi.

"Ó dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó dùn mí, Mà."

Wọ́n ní, "Ìyá àgbà mi ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n bí mi, nítorí náà mi ò lè jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó kú, wọ́n bí àbúrò mi, wọ́n fún un. Orúkọ tí mo fẹ́! Ìyá àgbà tó jẹ́ tèmi! Mi ò pè é rí. 'Ìwọ yẹn' ni mò ń pe ọmọ náà. Ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn lọ, 'Ìwọ yẹn' náà ni mo pè é." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n nu imú mi pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ kíṣìnì. "Lọ pe ìyá rẹ wá."

Ìyá mi ò nà mí. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì burú ju nínà lọ. Ó pọn ọmọ, ó lọ kúnlẹ̀ sí kíṣìnì Màmá Ọ̀ọ́kán, ó ní àìmọ̀ ni, ọlá ni àwọn rò pé àwọn ń ṣe. Màmá gbé e dìde. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, bí ewu bá dé, a ń pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n gba ọmọ náà, wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n sì pe orúkọ àbúrò wọn lé e lórí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa pè é. Orúkọ tí mo tọrọ, tí wọn ò fún mi, ojú mi báyìí ni ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe gbà á. Mo kọjú sí fèrèsé.

Wọ́n ní, "Ìwọ, wá níbí. Ìwọ ni kí o máa pè é. Lójoojúmọ́. Tèmi náà, ọwọ́ rẹ ló wà. Tí mo bá kú, kì í ṣe kí n tó kú, ìwọ lo máa sọ ẹni tó máa jẹ́ ẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi ò pe orúkọ wọn mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é nílé wa. Èmi ń fi orúkọ tuntun rẹ̀ pe àbúrò mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo fi eyín di orúkọ náà mú kó tó jáde, ṣùgbọ́n mo ń pè é.

Màmá Ọ̀ọ́kán pẹ́ láyé dáadáa, Alte náà ṣiṣẹ́. Ọdún mélòó kan ti kọjá tí a ti sin wọ́n. Ẹ̀yìn ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń da erùpẹ̀ sí i, kó má jọ pé ẹnikẹ́ni ń kánjú. Ọmọ wọn fún mi ní ṣọ́bìrì, mo da tèmi. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà ti di ohun tí mo lè fún ẹnikẹ́ni tó bá wù mí. Mo tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ọmọ tèmi. Ọdún karùn-ún nìyí tí mo ti ń wá ọmọ náà. Dókítà ti rí mi títí, a ti gbàdúrà láìsinmi, yàrá kékeré tó wà ní fúláàtì wa ní Etobicoke ṣì kún fún pákó tí ọkọ mi rà láti fi kan ibùsùn ọmọ.

Oṣù tó kọjá, àbúrò mi, tó tètè lọ́kọ, bí ọmọbìnrin. Ó pè mí láti Springdale. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bá bọ́ sínú Yorùbá. "Àǹtí mi, mo bi Mummy ní orúkọ Màmá Ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní ọwọ́ yín ló wà. Ẹ jọ̀ọ́. Màmá ló fún mi ní tèmi."

Mo ní màá pè é padà. Mi ò pè é fún ọjọ́ mẹ́rin. Mò ń bínú: ó gba orúkọ àbúrò wọn, ó gba ọmọ ṣáájú mi, ó tún fẹ́ gba èyí. Alẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo ń dín àlùbọ́sà, mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń sọ fún ọkọ mi pé "ẹni yẹn" tún ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹni yẹn. Mo pa iná, mo sì pe àbúrò mi padà.

Ọjọ́ kẹjọ, yìnyín ń bọ́, a wakọ̀ lọ. Ilé kún, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Ààfáà ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ìyá mi sì bojú wo ilẹ̀. Mo fi ẹnu kan etí ọmọ náà. Mo pe orúkọ Màmá Ọ̀ọ́kán sí i. Àwọn ará ilé ò gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n ní kí n gbé ohùn sókè. Owú ṣì ń jó mi, mo sì tún un pè, sókè, kí gbogbo wọn gbọ́.