Ẹni Tó Ṣí Ilé Ìgbẹ̀bí Adabraka

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí a ṣí ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa ní Adabraka.

Ilé olókùúta tí òyìnbó ń kó kòkó pamọ́ sí láyé ọjọ́un ni. Òrùlé rẹ̀ ti wó, àdán ló kún inú rẹ̀, kí àwa ará àdúgbò tó po sìmẹ́ǹtì, tí a tún un kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ta rìbọ́nù pupa sẹ́nu ọ̀nà de ọlọ́lá kan tí yóò wá gé e. A retí rẹ̀ títí. Lójijì, Àǹtí Àjọkẹ́, aboyún ilé kejì, di ògiri mú, ó figbe ta. Ọmọ ń bọ̀!

Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ rìbọ́nù náà na ọwọ́ dí ọ̀nà. "Daabi! Rárá o! Ọlọ́lá ò tíì dé."

Màmá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Okaishie, yọ sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ fún oníbàárà. "Ṣé ọmọ mọ ọlọ́lá ni?" Ló bá gé rìbọ́nù já. Nọ́ọ̀sì gbé Àǹtí wọlé. A dúró sẹ́nu ọ̀nà títí a fi gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Ni gbogbo àdúgbò bá hó yèè!

Nígbà tí ọlọ́lá dé, ó wo rìbọ́nù nílẹ̀. "Ta ló ṣí ilé yìí?"

Màmá mi gbé ọmọ náà sókè. "Òun rèé, sà. Ẹ káàbọ̀."